Ta Ló Tún Ọwọ́ Rẹ Ṣe?

Ìwé-ẹ̀rí kan wà nínú àpótí mi ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì. Wọ́n fi lẹ́tà aláwọ̀ wúrà kọ orúkọ mi sí i, wọ́n ya idà méjì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti kẹ́kọ̀ọ́ yege nínú ọgbọ́n ohun ìjà àtijọ́ ilẹ̀ Japan. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo wà nígbà tí mo gbà á. Ọkùnrin kan ló ń kọ́ wa ní pápá ìṣeré kan láràárọ̀ Sátidé. Ṣẹ́ńsẹ́ì ni gbogbo wa ń pè é. Ó ń gba owó ìdánwò, ó ń gba owó bẹ́líìtì, ó sì ń gba owó ìwé-ẹ̀rí. Bọ̀dá náà mọ ọ̀pá jù, tó bá gbé nunchaku, àwa ọmọdé a sún sẹ́yìn. Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Ṣẹ́ńsẹ́ì, ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́ ẹ̀yin náà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àbúrò, ọgbọ́n yìí ti wà kí wọ́n tó bí baba ńlá mi." Ìgbà tí mo wọ Yunifásítì ni ẹnìkan tí òun náà ti bá a jókòó rí ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé inú fíìmù ni Ṣẹ́ńsẹ́ì ti kó gbogbo rẹ̀.

Mi ò kọ èyí láti fi bú u. Ó kọ́ wa ní ìfaradà, ó sì kọ́ wa láti tètè jí. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ìbéèrè tí mo bi í lọ́jọ́ náà ni ìbéèrè tó tọ́. Ìdáhùn tó fún mi ló kù díẹ̀ káàtó, èmi náà sì jẹ̀bi, nítorí mi ò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Láàárín àwa akẹ́kọ̀ọ́ tí a fẹ́ràn karate, kendo àti fíìmù àwọn samurai, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán: nínú gbogbo àwọn tó ń pe ara wọn ní oníjà idà, èwo ni ojúlówó, èwo ni ayédèrú? Àwọn kan ní èyí tó bá pẹ́ jù ni ojúlówó. Àwọn kan ní èyí tó bá ti ja ogun rí ni. Àwọn kan ní èyí tí àjọ ńlá bá fọwọ́ sí ni. Èrò tèmi ni pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tó. Ojúlówó ni ọgbọ́n tí ẹnìkan fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe lára rẹ, tí ẹlòmíràn sì ti tún ṣe lára òun náà kó tó kàn ọ́. Tí okùn yẹn bá já, ohun yòówù tó kù lọ́wọ́ rẹ, orúkọ mìíràn ló yẹ kí o pè é.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń fi ọgbọ́n yìí lé ọmọ lọ́wọ́ ní Japan fúnra rẹ̀. Ryu ni wọ́n ń pe ilé tó ń kọ́ni ní ìjà. Ọ̀kan nínú àwọn tó pẹ́ jù tó ṣì wà láàyè ni Tenshin Shoden Katori Shinto-ryu. Iizasa Ienao ló dá a sílẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún, nítòsí ojúbọ Katori, ní agbègbè tí a mọ̀ sí Chiba lónìí. Ìdílé Iizasa ló ṣì jẹ́ olórí rẹ̀ títí di òní. Idà gígùn wà níbẹ̀, idà kékeré wà níbẹ̀, ọ̀pá, ọ̀kọ̀, àti naginata, ìyẹn ọ̀pá gígùn tí wọ́n fi abẹ idà sí lórí. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ fi ẹ̀jẹ̀ ìka ara rẹ̀ tẹ ìwé ìbúra. Keppan ni wọ́n ń pè é. Ó ń búra pé òun kò ní fi ohun tí òun kọ́ han ẹlòmíràn láìgba àṣẹ, òun kò sì ní lọ máa bá ọmọ ilé mìíràn díje kiri.

Tó bá wọlé tán, kata ni yóò máa ṣe. Kata ni ìjà tí wọ́n ti là sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: ìwọ gé báyìí, èmi gbà á báyìí, ìwọ yí padà, èmi wọlé. Èèyàn méjì ló ń ṣe é nínú ọ̀pọ̀ ilé wọ̀nyí, wọ́n á sì mú idà onígi lọ́wọ́. Ohun tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kà nípa rẹ̀ ni pé àgbà ló máa ń ṣe ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Uchidachi ni wọ́n ń pè é nínú kendo àti nínú ọ̀pọ̀ ilé idà. Òun ni yóò kọ́kọ́ kọ lù, òun náà ni yóò pàdánù, lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí rẹ̀ ni pé àgbà nìkan ló mọ bí idà ṣe gbọ́dọ̀ wá, bó ṣe gbọ́dọ̀ yá tó àti bó ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó, kí ìdáhùn ọmọ tó lè tọ́. Tí ọmọ bá yára jù, àgbà á dúró dè é. Tí ọmọ bá fi ara sílẹ̀, idà àgbà á dé ibẹ̀, á sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ awọ ara. Bí wọ́n ṣe ń tún ọwọ́ ṣe nìyẹn. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà níbẹ̀, ìwé kankan ò sì sí.

Níbí ni mo ti fẹ́ dá àwọn ọ̀rẹ́ mi lóhùn tó ń sọ pé fídíò ti tó. Ẹ lọ wo kata ilé Katori. Ó gùn, igi sì ń kan igi láìdáwọ́ dúró. Ẹni tó bá ń wò láti òkèèrè á rò pé idà ni wọ́n fi ń gbá idà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Otake Risuke, tó jẹ́ olùkọ́ àgbà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, ṣàlàyé rẹ̀ fún aráyé pé ní ọ̀pọ̀ ibi tí igi ti pàdé igi, ara ọ̀tá ni wọ́n ń lé gan-an: abẹ́ ọrùn-ọwọ́, ọrùn, abíyá, inú itan, àwọn ibi tí ìhámọ́ra kò bò. Wọ́n jẹ́ kí igi pàdé igi kí kata lè gùn, kí ara ọmọ lè le, kí àjèjì tó bá yọjú má sì rí àṣírí. Kí ni ẹni tó wo fídíò kọ́, tó sì fara wé e láìkù síbì kan? Ó kọ́ ohun tí wọ́n fi bo àṣírí. Fídíò náà kò purọ́ fún un, àmọ́ kò sọ tán.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé. Àwọn ilé yìí ní ìwé kíká tí wọ́n ti ń kọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kìkì orúkọ àwọn kata ló wà níbẹ̀, tàbí àwòrán ṣókí pẹ̀lú gbólóhùn kan tó dà bí àlọ́. Ẹni tó ti kọ́ ọ ni ìwé náà wà fún, kó má baà gbàgbé. Ìyókù jẹ́ kuden, ìyẹn ọ̀rọ̀ àtẹnudẹ́nu tí ọ̀gá ń sọ fún ọmọ nígbà tí ara ọmọ bá tó o gbọ́. Ẹ wo Miyamoto Musashi. Ó kọ Gorin no Sho, ó sì kú ní ọdún 1645, ọdún tó parí rẹ̀. Lónìí, àwọn oníṣòwò ń ka ìwé náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù ń kà á. Ṣùgbọ́n léraléra ni Musashi ń sọ fún òǹkàwé pé kó lọ fi ara ṣe é, kó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ilé tó fi sílẹ̀, Hyoho Niten Ichi-ryu, ṣì wà, ọwọ́ dé ọwọ́ ni wọ́n sì fi gbé e dé òde òní. Àìmọye èèyàn ló ti ka ìwé Musashi, díẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fi idà rẹ̀ lé lọ́wọ́.

Ó yẹ kí n dáhùn àwọn tó ń sọ pé ọjọ́ orí ni ẹ̀rí. Tokugawa gba ìjọba ní ọdún 1603, àlàáfíà sì jọba ní Japan fún ohun tó lé ní 250 ọdún. Àkókò àlàáfíà yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú àwọn ilé idà tí à ń pè ní ti àtijọ́ hù jáde, lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin tí kò rí ogun rí. Ní ìdà kejì, ẹ wo Toyama-ryu. Ilé-ẹ̀kọ́ ológun Toyama ló ṣètò rẹ̀ ní ọdún 1925 fún àwọn ọ̀gá ọmọ ogun, kò sì tíì pé ọdún 20 tí ogun àgbáyé fi dé bá a. Tó bá jẹ́ ọjọ́ orí là ń kà, Toyama jẹ́ ọmọ àná. Tó bá jẹ́ ogun là ń kà, ó ju ọ̀pọ̀ àgbà lọ. Ẹ ò rí i pé òṣùwọ̀n méjèèjì ń ta ko ara wọn?

Ìtàn ìdásílẹ̀ pàápàá kì í ṣe ẹ̀rí tó dájú. Shinto Muso-ryu jẹ́ ilé tó ń lo jo, ọ̀pá kúkúrú tó gùn tó nǹkan bí 128 sẹ̀ǹtímítà. Ìtàn ẹnu ilé náà sọ pé Muso Gonnosuke pàdé Musashi, Musashi lù ú, ó lọ gbàdúrà lórí òkè, ó rí ìran, ó gé ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ó padà wá, ó sì borí. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé bí ẹ bá yọ ìtàn náà kúrò pátápátá, ọ̀pá náà yóò ṣì máa yọ láti ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ṣe fi han ọmọ. Àwọn tó ń fi ọdún mẹ́wàá jà lórí ìtàn, tí wọn ò mú ọ̀pá rí, àsọtì ni wọ́n ń sọ.

Àwọn ti ogun ńkọ́? Wọ́n ní tí kò bá ti lè lu ẹni tó ń jà padà, ijó ni. Ọ̀rọ̀ wọn wúwo, mi ò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Àmọ́ kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe àwọn ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, àwọn ọ̀gá bíi Naganuma ti Jikishinkage-ryu àti Nakanishi ti Itto-ryu bẹ̀rẹ̀ sí í fi idà ọparun àti ìhámọ́ra kọ́ àwọn ọmọ wọn, kí wọ́n lè lu ara wọn láìfarapa. Wọ́n ní kata ti di ohun ẹ̀ṣọ́ lọ́wọ́ àwọn kan. Àwọn àgbà mìíràn dá wọn lóhùn pé idà ọparun kì í gé nǹkan, pé ẹni tó bá fi í jà á kọ́ ìwà tí idà gidi á fi pa á. Òótọ́ ni ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ń sọ. Ibi tí kendo òde òní ti jáde nìyẹn: eré ìdárayá gidi, tó ń kọ́ ojú, ẹsẹ̀ àti ìgboyà. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń kú nínú rẹ̀ tó bá ṣe àṣìṣe. Nítorí náà, kò lè jẹ́ pé ìdíje nìkan ni yóò dá ẹjọ́ idà. Ohun ìjà tí a ò lè lò lé ara wa lórí ní òtítọ́, kata ni ibi kan ṣoṣo tí ewu rẹ̀ lè wà láìpa wá, tí a bá rí àgbà tó mọ ibi tí ewu náà fara pamọ́ sí.

Ó wá ku àjọ ńlá. Lẹ́yìn tí ìjọba Meiji fi òfin de gbígbé idà kiri ní ọdún 1876, ọ̀pọ̀ ọ̀gá idà pàdánù iṣẹ́ wọn. Àjọ Dai Nippon Butoku Kai bẹ̀rẹ̀ ní Kyoto ní ọdún 1895 láti kó wọn jọ. Ní ọdún 1912, ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá láti ilé oríṣiríṣi gbé kata kendo 10 jáde, méje fún idà gígùn, mẹ́ta fún idà kékeré, kí gbogbo Japan lè ní ohun kan náà tí wọ́n á jọ máa ṣe. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, wọ́n tú àjọ náà ká ní ọdún 1946. Àjọ kendo tuntun dìde ní ọdún 1952, ó ṣe kata 12 fún jo ní ọdún 1968, ó sì ṣe méje fún fífa idà yọ ní ọdún 1969, tó ti di 12 báyìí.

Àwọn kan ń pe èyí ní ìbàjẹ́. Èmi ò pè é bẹ́ẹ̀. Láìsí àwọn kata àjọmọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ èèyàn kì bá tí mú jo lọ́wọ́ rí. Ohun tí mo ń sọ ni pé ká pe nǹkan ní orúkọ rẹ̀. Tí ìgbìmọ̀ bá mú nǹkan láti ilé méje, wọ́n gbọ́dọ̀ gé igun ilé kọ̀ọ̀kan kó lè wọlé. Ẹni tó bá kọ́ ti àjọ, kó sọ pé ti àjọ ni òun kọ́. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìtìjú wà lára ẹni tó kọ́ kata 12, tó wá dé ilé tó so pátákó pé òun jẹ́ ọ̀gá Shinto Muso-ryu.

Mo tún ní ẹjọ́ kan pẹ̀lú àwọn ilé àtijọ́ fúnra wọn. Àṣírí tí wọ́n fi ń dáàbò bo ọgbọ́n ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọ̀gá tó sọ pé ọmọ kan ṣoṣo ni òun yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún, tí ọmọ náà bá kú ńkọ́? Tó bá lọ sógun tí kò padà ńkọ́? Ẹ fi èyí wé ohun tí Shimizu Takaji ṣe. Wọ́n ti fi jo pamọ́ sí agbègbè Fukuoka fún ọ̀pọ̀ ọdún. Shimizu gbé e lọ sí Tokyo, ó kọ́ àwọn ọlọ́pàá, ó ṣa ìlànà 12 jọ tí èèyàn púpọ̀ lè jọ kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì ń kọ́ àwọn àkànṣe ọmọ ní kata àtijọ́ lọ́tọ̀. Àjèjì wà lára wọn. Ọ̀kan ni Donn Draeger, ará Amẹ́ríkà, tí ilé Katori náà gbà wọlé. Àwọn tó sọ pé àjèjì ò lè gba ojúlówó, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé ìyẹn. Ọwọ́ ni idà ń wò, kì í wo ìwé ìrìnnà. Ilé Katori pàápàá, tí ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń búra níbẹ̀, gbà kí agbègbè Chiba kà á mọ́ ogún àṣà ní ọdún 1960. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀, wọn ò já okùn. Èyí ni mo rò pé ó dára jù: kí a fi ìbẹ̀rẹ̀ han ọ̀pọ̀ èèyàn, kí a sì fi ìparí lé ọwọ́ ju ẹyọ kan lọ.

Kí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ kọ́ wá ṣe? Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Àkọ́kọ́, ta ló kọ́ ọ̀gá rẹ, ṣé ó sì lè dárúkọ ẹni náà láìṣe àlàyé gígùn? Ìkejì, ṣé ó ń fọwọ́ kàn ọ́ láti tún ìdúró rẹ ṣe, àbí ó kàn ń ṣe é níwájú rẹ kí o máa pàtẹ́wọ́? Ìkẹta, tí o bá bi í pé kí nìdí tí ẹsẹ̀ fi gbọ́dọ̀ wà níbí, ṣé ó ní ìdáhùn tí o lè dán wò lójú ẹsẹ̀? Ìwé-ẹ̀rí gíga jù nínú àwọn ilé yìí ni menkyo kaiden, ó sì dà bí fírídọ̀ọ̀mù tí télọ̀ ń fún ọmọ iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń fi ìwé fírídọ̀ọ̀mù dá aṣọ. Aṣọ tí o rán ni aráàlú á wò, wọ́n á sì bi ọ́ pé ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ṣẹ́.

Ní sáà tó kọjá, mo darapọ̀ mọ́ àwọn tó ń ṣe karate ní pápá ìṣeré wa. Mi ò mú ìwé-ẹ̀rí mi lọ. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ sọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ fún mi kí n tó béèrè, ó sọ orúkọ ẹni tó kọ́ ìyẹn náà, ó sì ní òun ò mọ ohun ìjà kankan, pé tó bá jẹ́ idà ni mo ń wá, kí n wá a lọ síbòmíràn. Lẹ́yìn náà ló ní kí n na ọwọ́. Mo nà án bí Ṣẹ́ńsẹ́ì ṣe kọ́ wa. Ó fi ìka méjì ti ìgúnpá mi wọlé díẹ̀, ó ní, "Tún un ṣe." Mo tún un ṣe, ó sì tún tì í.